Ta Ni Ẹkùn? Bí Orúkọ Ẹranko Àtijọ́ Ṣe Ń Ṣí Kiri

Ní ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020, wọ́n ṣí ètò ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn fún ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá. Kò pẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ orúkọ náà fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Àwọn kan ní leopard ni, àwọn mìíràn ní cheetah ni. Ọ̀rọ̀ òfin àti òṣèlú ló gba ojú ìwé kan nígbà náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó ráyè béèrè bí ẹranko kan ṣe di méjì. Àwọn oníròyìn nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà rú lójú. Bí ẹ bá ní kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sọ ohun tí ẹkùn ń jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, tiger ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, yóò sì fi leopard sílẹ̀ fún àmọ̀tẹ́kùn. Bẹ́ẹ̀ tiger kì í ṣe ẹran ilẹ̀ Áfíríkà. Éṣíà ni ilé rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní. Báwo wá ni àwọn baba ńlá wa ṣe fún ẹranko tí wọn kò rí rí lórúkọ, tí wọ́n tún fi orúkọ náà ki ọba?

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé orúkọ ẹranko àtijọ́ ní èdè Yorùbá rọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí ẹranko ń ṣe àti ipò tó wà láàárín ènìyàn, ju bó ṣe rọ̀ mọ́ awọ àti egungun rẹ̀ lọ. Bí ẹranko bá kúrò nílẹ̀, tàbí bí ènìyàn bá kúrò níbi tí ẹranko wà, orúkọ a máa wá ẹlòmíràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, a sì bá a gbé. Ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀ ní ìlànà, ó ti pẹ́, àwa fúnra wa la sì ń ṣe é kí ìwé tó dé. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí ẹkùn yàtọ̀. Kò sí tiger kankan tó wá ṣe iṣẹ́ ẹkùn láàárín wa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló yí padà lẹ́yìn tí a ti so ẹkùn mọ́ ọn, tó sì wọ́ ẹkùn lọ sí Íńdíà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ẹkùn dúró. Ẹranko tí Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀ ní àmì tótòtó lára, kò ní ìlà gbọọrọ. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ààfin. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọdẹ tó bá pa ẹkùn kò gbọdọ̀ fi awọ rẹ̀ pamọ́ sílé ara rẹ̀; ti ọba ni. Awọ tí ọba ń gbẹ́sẹ̀ lé, tí wọ́n ń tẹ́ síbi ìtẹ́, awọ alámì tótòtó ni. Oríkì rẹ̀ tún jẹ́rìí. Ògìdán ni wọ́n ń kì í, wọ́n sì ń pè é ní Olólà-ijù, nítorí pé bí olólà ti ń fi abẹ kọ ilà sójú ọmọ ni èékánná ẹkùn ń kọ ilà sára ohunkóhun tó bá bà lé. Ẹni tó bá ń wá ìlà kiri lọ́rọ̀ ẹkùn, ara ẹran tí ẹkùn fà ya ni kí ó wò. Ní ilẹ̀ Fọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìdílé ọba Dàhòmì gbà pé láti ọ̀dọ̀ Àgású, tí í ṣe ẹkùn, ni ìran àwọn ti ṣẹ̀ wá. Ẹranko tó wà nínú igbó àwọn náà ni wọ́n ń sọ. Ní igbó kìjikìji tó nà láti Ìjẹ̀bú dé Oǹdó, kìnnìún kì í débẹ̀, nítorí pé ọ̀dàn ni kìnnìún ń gbé. Ẹkùn ló ń gbé ajá ọdẹ, òun ló ń wọ abúlé lóru gbé ewúrẹ́, òun náà ló lè pa ènìyàn. Ó ń dá rìn, kì í sì í bá ẹranko mìíràn pín ìjọba. Ipò ọba nínú igbó ni orúkọ rẹ̀ dì mọ́, òwe kan sì wà tó fi èyí hàn ju ìwé atúmọ̀ èyíkéyìí lọ: bí ẹkùn kò bá fẹ̀, èse là ń pè é. Ẹ wo ohun tí òwe náà ń wí dáadáa. Awọ ẹkùn kò yí padà, àmì ara rẹ̀ kò parẹ́, ṣùgbọ́n bí kò bá ti hu ìwà ẹkùn, wọ́n á gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á fún un ní ti ẹranko tí kò tó o. Lójú ẹni tó pa òwe yẹn, ìwà ló ń jẹ orúkọ.

Báwo wá ni tiger ṣe wọlé? Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ dé etíkun wa kò ní ọ̀rọ̀ tó dá yàtọ̀ fún ẹranko yìí. Willem Bosman, oníṣòwò ará Nẹ́dálándì tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí etíkun Gíní jáde ní 1704, kọ̀wé nípa tiger tó ń yọ àwọn òyìnbó lẹ́nu nítòsí odi wọn ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ẹkùn ló ń sọ. Àwọn ará Nẹ́dálándì tó tẹ̀dó sí Gúúsù Áfíríkà ń pe ẹkùn ibẹ̀ ní tier, àwọn ará Sípéènì sì gbé tigre fún jaguar nígbà tí wọ́n dé Gúúsù Amẹ́ríkà. Lẹ́nu awakọ̀ òkun àti oníṣòwò, ẹranko ńlá èyíkéyìí tó bá jọ ológbò, tó sì ń ba ènìyàn lẹ́rù, tiger ni. Nítorí náà, Yorùbá tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Sàró tàbí ní Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tó sì fi tiger túmọ̀ ẹkùn, kò jẹ̀bi nǹkan kan. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ ní etíkun nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni kò dúró sójú kan. Bí ìmọ̀ nípa ẹranko ṣe ń tàn kálẹ̀, tí ìwé àwòrán àti ọgbà ẹranko ń pọ̀ sí i, tiger di ti onílà ilẹ̀ Éṣíà nìkan, leopard sì di ti alámì. Ìtumọ̀ tiwa kò bá wọn ṣí. Nígbà tí ìwé alábídí tí wọ́n ya ẹranko onílà sí abẹ́ lẹ́tà T wọ ilé ẹ̀kọ́ wa, ìtumọ̀ àtijọ́ ló wà lórí olùkọ́, òun náà ló sì fi kọ́ ọmọ. Leopard wá kù láìní orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fa àmọ̀tẹ́kùn wá láti dí àlàfo náà.

Àmọ̀tẹ́kùn fúnra rẹ̀ yẹ lọ́rọ̀ díẹ̀. Ẹkùn hàn gbangba nínú orúkọ náà. Orúkọ tó gbé ẹranko kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹkùn ni. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn ènìyàn ń gbà tú ìyókù palẹ̀, mi ò sì fọkàn tán ọ̀kan nínú wọn, torí pé etí Yorùbá yá púpọ̀ láti gbọ́ odidi gbólóhùn nínú orúkọ, yálà ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ìwọ̀nba tí a lè sọ láìṣiyèméjì ni pé ohun tí a fi wé ẹkùn kò lè jẹ́ ẹkùn fúnra rẹ̀. Bí ẹkùn bá wà ní ipò rẹ̀ àtijọ́, tó jẹ́ leopard, àmọ̀tẹ́kùn ní láti jẹ́ ẹlòmíràn tó jọ ọ́, tí kò sì tó o. Àwọn tó kọ cheetah ní 2020 kò sọ̀rọ̀ sófo. Àwọn tó kọ leopard náà ń sọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ́ wọn. Ìgbà méjì nínú ìtàn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ẹni tó bá rò pé òyìnbó àti ìwé ló kọ́ orúkọ ẹranko wa ní ìrìn, kí ó wo Kúbà. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé dahoro ní nǹkan bí ọdún 1835, tí ogun gba ilẹ̀ kan, wọ́n kó ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn wa gba orí òkun lọ síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí. Wọ́n gbé òrìṣà lọ, wọ́n sì gbé orúkọ ohun ìrúbọ lọ, ṣùgbọ́n ẹran tó ń jẹ́ orúkọ náà kò bá wọn wọ ọkọ̀. Nílé, eku yíyan àti ẹja gbígbẹ kì í wọ́n lójúbọ. Òkété, ẹmọ́, àgó, oríṣiríṣi eku oko tí ọdẹ àti ọmọdé ń dẹ, gbogbo wọn wà nítòsí. Kúbà kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ẹranko tó ní ni èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní jutía: ó tóbi ju òkété lọ dáadáa, ó ń gun igi, ó ń fi eyín wẹ́ èèpo igi jẹ, ìran rẹ̀ kò sì sí níbòmíràn àfi ní àwọn erékùṣù àgbègbè náà. Àwọn Lukumí yan án lórí èéfín, wọ́n gbé e síwájú Ẹlẹ́gbára, wọ́n sì pè é ní ekú. Títí di òní, ekú, eyá àti awadó, ìyẹn eku, ẹja àti àgbàdo, ni wọ́n máa ń dárúkọ tẹ̀léra wọn nídìí ẹbọ. Ní Miami, ẹ lè wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan òrìṣà kí ẹ bá jutía yíyan tí wọ́n ti lọ̀ kúnná sínú ọ̀rá, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́bọ ṣe ń rà á. Kò sí míṣọ́nnárì kankan nídìí ìyípadà yìí, kò sì sí ìwé atúmọ̀. Àwọn tó mọ eku dájú ló wo jutía, tí wọ́n rí i pé ó lè ṣe iṣẹ́ eku, tí wọ́n sì gbé orúkọ lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ gúnnugún tún yéni jùyẹn lọ. Igún tiwa, olórí pípá tó máa ń bà sórí òrùlé nítòsí ilé ìpẹran, ẹyẹ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ẹyẹ tí àwọn Lukumí bá ní Kúbà, tí àwọn elédè Sípéènì ń pè ní tiñosa, ìdílé mìíràn ni. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ sọ pé igún Amẹ́ríkà àti igún Áfíríkà kì í ṣe ọmọ ìyá. Iṣẹ́ kan náà ló mú kí wọ́n jọ ara wọn. Òkú ẹran ni àwọn méjèèjì ń jẹ, orí tí kò ní ìyẹ́ ni wọ́n sì ń kì bọ inú òkú náà. Gunugú ni àwọn Lukumí pè é, wọ́n sì so ó mọ́ Ọ̀ṣun nínú ìtàn wọn. Ẹni tó fún un lórúkọ kò ka ìwé kankan nípa ìdílé ẹyẹ. Iṣẹ́ ló wò, iṣẹ́ náà sì ni ó mú kí ẹyẹ méjì tí kò bá ara wọn tan dà bí ọ̀kan. Àjàpá pẹ̀lú, ahun orí ilẹ̀ nínú igbó wa, di ayapá lọ́hùn-ún, ìyẹn jicotea tó ń gbé inú odò àti adágún, ó sì di oúnjẹ Ṣàngó. Lydia Cabrera, tó ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Lukumí sínú ìwé tó pè ní Anagó ní 1957, tún fi Ayapá ṣe àkọlé ìwé àlọ́ kan ní 1971. Ahun orí ilẹ̀ ti di ti inú omi, àmọ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀ kò dín.

Ẹkùn ńkọ́? Kúbà kò ní ẹranko ńlá kankan tó jọ ológbò, èyí tí ìbá gba orúkọ náà. Nítorí náà, ekún wà nínú èdè òrìṣà níbẹ̀ láìní ẹran lórí ilẹ̀, wọ́n sì ń fi tigre túmọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni àjànàkú, tó di ayanakú. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí: níbi tí ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ náà wà, orúkọ rí ara gbé wọ̀, níbi tí kò sí, orúkọ dúró sẹ́nu nìkan, kò lọ bà lé ẹranko tí kò kàn án. Àwọn Lukumí kò sọ ológbò ilé di ẹkùn.

Brazil fi nǹkan mìíràn kún un. Ìgbín ni ẹran Ọbàtálá, wọn kò sì jẹ́ kí oúnjẹ òrìṣà wọ́n ní Bàhíà: ìgbín ńlá tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Brazil ló gba orúkọ àti iṣẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn oníṣòwò kó ìgbín ńlá kan láti Áfíríkà wọ orílẹ̀-èdè náà kí wọ́n lè máa sìn ín tà fún jíjẹ. Òwò náà kò gbè, wọ́n dà á sígbó, ó sì gbilẹ̀ débi tí ìjọba fi ń lé e kiri. Ó ti wọ ilé Candomblé, ìyẹn ilé àwọn tó ń bọ òrìṣà níbẹ̀, báyìí, torí pé òun ló rọrùn jù láti rí. Ẹni tó bá yára lè rò pé ìgbín ti padà sílé nìyẹn. Rárá o. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ìgbín yẹn ti wá. Kì í ṣe èyí tí à ń ṣà nínú igbó Ìjẹ̀ṣà lẹ́yìn òjò.

Nílé níbí náà, orúkọ kò jókòó sójú kan. Ẹdun ni ọ̀bọ onírun gígùn tó ń gbé orí igi gíga, òun náà la sì fi ń pe ìbejì, débi pé ọ̀pọ̀ ìdílé tó ní ìbejì kì í jẹ ẹran rẹ̀. Lónìí, ẹni tó ń jẹ́ Ẹdun ní Èkó pọ̀ ju ẹdun tó kù nínú igbó lọ. Ẹtù, tí à ń pè ní awó, fi orúkọ rẹ̀ fún aṣọ òkè aláró tí fínnífínní funfun wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìyẹ́ rẹ̀ ni aṣọ náà jọ. Ó ṣeé ṣe kí ọmọge mọ ẹtù tí wọ́n rán fún ìyàwó láìmọ ẹyẹ tó ni orúkọ. Ehoro, ẹran ìgbẹ́ elétí gígùn tó ń sáré nínú pápá, ti pín orúkọ rẹ̀ fún ti òyìnbó tí à ń sìn nínú àgò. Ẹfọ̀n tilẹ̀ ń pàdánù tirẹ̀: ìwo rẹ̀ ṣì wà lójúbọ Ọya, ṣùgbọ́n màlúù inú igbó ni àwọn kan ń pè é, torí pé Gẹ̀ẹ́sì etíkun ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ti tòlótòló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Amẹ́ríkà ni ẹyẹ náà ti ṣẹ̀ wá. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ilẹ̀ Tọ́kì pè é, àwọn ará Tọ́kì ní ti Íńdíà ni, àwọn Potogí sì ní ti Pẹrú. Gbogbo wọn ló ń fojú wá ìlú tó ti wá, kò sì sí èyí tó gbà á nínú wọn. Àwa àti Haúsá kàn tẹ́tí sí igbe rẹ̀ ni.

Nípa Bíbélì, ẹ̀sùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn atúmọ̀ kò mọ ẹranko, pé wọ́n kàn gbé orúkọ sáàárín ìwé bó ṣe wù wọ́n. Mi ò fara mọ́ ọn. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1843, mọ ilé rẹ̀. Ẹ wo ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nínú Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884. Wolf kò sí nínú igbó wa. Ìkookò ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ìyẹn ẹranko tó ga níwájú tó rẹlẹ̀ lẹ́yìn, tó ń rún egungun, tó ń ké lóru bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, tí òyìnbó ń pè ní hyena. Wọ́n lò ó fún wolf nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ Jésù, olè agbo àgùntàn ni wolf jẹ́, ìkookò sì ni olè agbo tí àwọn òǹkàwé wọn mọ̀. Deer kò sí níbí. Sáàmù 42 fún àgbọ̀nrín ní ipò rẹ̀. Ìwo àgbọ̀nrín kì í bọ́ lọ́dọọdún bíi ti deer, ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn kan ẹran tí òùngbẹ ń gbẹ? Nígbà tí wọ́n kan béárì nínú ìtàn Èlíṣà, ńkọ́? Wọn kò fún un ní orúkọ ẹkùn, wọn kò fún un ní ti ìnàkí. Wọ́n rí i pé kò sí ẹranko ilé tó lè dúró fún un, wọ́n sì gba orúkọ rẹ̀ wọlé bó ṣe wà. Ẹni tí kò mọ ẹranko kò lè ṣe irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti ràkúnmí nìkan ni mo lè bá wọn ṣe awuyewuye díẹ̀ lórí: ìbákasíẹ ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n ràkúnmí tí a gbà lẹ́nu Haúsá ló lékè ní ọjà, ìbákasíẹ sì di èdè orí àga ìwàásù.

Àtakò tó le jù sí ohun tí mò ń sọ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ. Wọ́n lè wí pé ẹni tó sọ pé orúkọ ẹranko rọ̀ mọ́ iṣẹ́ ju ara lọ kò bá ọdẹ wọgbó rí ni. Ọdẹ kì í da ẹtu pọ̀ mọ́ èsúró, kì í pe ìgalà ní àgbọ̀nrín, ó mọ ipasẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹrẹ̀, ó mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ìjálá tí Adébóyè Babalọlá kọ odidi ìwé lé lórí ní 1966 kún fún oríkì tó ń ki ẹranko kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láti orí dé ìrù. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí oríkì wọ̀nyẹn ń sọ. Wọ́n ń sọ bí ẹranko ṣe ń rìn, bó ṣe ń jà, ohun tó ń bà jẹ́ lóko, bí ẹran rẹ̀ ṣe ń dùn tó nínú ọbẹ̀, irú ikú tó lè fi pa ọdẹ. Àwọ̀ àti ìwo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àárín ìwà ni wọ́n wà. Ọdẹ ń fi ìwà dá ẹranko mọ̀ lókèèrè kí ojú rẹ̀ tó tó awọ. Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì dí ìṣípòpadà orúkọ lọ́wọ́. Òun ló tilẹ̀ mú un ṣeé ṣe. Ẹni tó mọ ìwà eku dénú ló lè wo jutía kó sọ pé eyín kan náà nìyí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àwòrán ni yóò máa wò.

Àtakò kejì rọrùn láti sọ, ó sì dùn létí: èdè ń yí padà, bí ìkookò bá lè jẹ́ wolf, tí gúnnugún lè jẹ́ tiñosa, kí ló dé tí ẹkùn kò lè jẹ́ tiger? Ìdáhùn mi ni pé nínú àwọn tí a ti kà sílẹ̀, ẹni tó ń gba orúkọ wá sójú iṣẹ́. Jutía wà níwájú òrìṣà, tiñosa wà lórí òrùlé, wolf wà lẹ́nu ọ̀nà agbo nínú ìtàn tí à ń kà. Tiger kò wá ṣe nǹkan kan. Ó wọlé nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kọjá lára wọn, a sì dúró ti èyí tó ti lọ. Àdánù rẹ̀ kò mọ sí ìwé atúmọ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ pé tiger ni ẹkùn, tó sì tún kà pé tiger kò sí ní Áfíríkà, ìparí èrò kan ṣoṣo ló kù fún un: pé àwọn àgbà tó ń ki ọba ní ẹkùn ń fi ẹranko àlọ́ kì í, ẹranko tí wọ́n gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu àlejò. Yóò gbà pé kò sí nǹkan kan nínú igbó wa tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Àkókò tí èyí sì ń ṣẹlẹ̀ burú, nítorí pé ẹkùn ti ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá débi pé ọ̀pọ̀ ọdẹ òde òní kò fojú kàn án rí, kìnnìún tó kù ní gbogbo Nàìjíríà, ní Kainji àti Yankari, kò tó 50 gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn onímọ̀, gúnnugún pàápàá sì ti wọ ìwé àwọn ẹyẹ tó fẹ́ẹ́ parẹ́. Ọmọ tó bá lọ wá ẹkùn lónìí, orúkọ nìkan ni yóò kọ́kọ́ bá. Bí orúkọ náà bá tún darí rẹ̀ sí Íńdíà, kí ló kù tí yóò fi mọ̀ pé ilé wa ni ẹranko náà ti wà?

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, àwọn atúmọ̀ Bíbélì ti fi hàn wá láti ìgbà tí wọ́n ti kọ béárì. Ẹ jẹ́ kí tiger máa jẹ́ táígà, àlejò tó wọlé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Kí ẹkùn jẹ́ leopard, bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àmọ̀tẹ́kùn sì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jọ ọ́. Ní ti ìkookò, ó lè máa jẹ́ wolf nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n ìwé sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ pé hyena ló kọ́kọ́ ni orúkọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé Yorùbá fún ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ tó fún ayàwòrán ní iṣẹ́ lórí lẹ́tà Ẹ, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ lọ wo awọ tó wà ní ààfin tó bá sún mọ́ ọn.